Èdè Tí Màmá Eunice Fi Pamọ́

Yétúndé kì í bi ènìyàn níbi tó ti wá. Etí rẹ̀ ló máa ń bá a ṣe ìyẹn. Bí obìnrin kan bá yọjú sí kíláàsì rẹ̀ pé òun wá wo ọmọ òun, kò ní tíì kí i tán tí Yétúndé á ti mọ̀ bóyá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ti sọ̀kalẹ̀ wá tàbí Ìjerò, bóyá oko ni wọ́n ti tọ́ ọ tàbí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àrámọkọ, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá ké lẹ́yìn fèrèsé, Tíṣà Yétúndé á sọ àdúgbò tí wọ́n ti bí i.

Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí ẹbí ni èdè rí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìyá, àwọn kan jẹ́ ìbátan ọ̀nà jíjìn, àwọn mìíràn ò sì tan rárá, wọ́n kàn jọ ń ná ọjà kan náà ni. Á ní kí ọmọ tó wá láti Ìjerò sọ "ilé" bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe ń sọ ọ́. Ojú á ti ọmọ náà díẹ̀, á ní "ulé." Á ní kó sọ "iṣu," á ní "uṣu," gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bá wọn sọ̀rọ̀ òǹkà.

"Inú òǹkà ni ẹ ti máa ń rí ojú ìbátan," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Bàbá Haúsá tó ń sun ẹran ní gárééjì ń ka bíyù, uku dípò èjì, ẹ̀ta. Kò bá wa tan níbẹ̀. Ènìyàn lè yá ọ̀rọ̀ bí àlùbọ́sà, kó yá àlàáfíà, kó yá bẹ́ńṣì, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn lọ yá èjì àti ẹ̀ta. Ẹ sì wò ó dáadáa: èdè ìyá ẹni ni ènìyàn fi ń ka nǹkan nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́ ọ."

Àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa fi wọ Yunifásítì ni tiwọn.

Obìnrin tó mọ orírun gbogbo ènìyàn yìí, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni kò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti kú là ń pè ní Yétúndé. Nígbà tí wọ́n bí i, ìyá bàbá rẹ̀ ń bẹ láyé, ó ṣì ń rin oko. Ìyàwó olùkọ́ ìjọ, tó tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà, ń bẹ láyé pẹ̀lú, iwájú ló jókòó sí níbi ìkómọ. Síbẹ̀ Eunice ìyá rẹ̀ ní Yétúndé lòun máa pe ọmọ òun. Àwọn àgbà kùn. Wọ́n ní kí ló dé tó ń fi ẹnu sin ẹni tó wà lórí ìjókòó. Eunice kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń pe ọmọ náà ní Yétúndé, ó ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Kò sì sí ẹni tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó bi í ní ìdí. Ní Èrìjìyàn ìlú wọn, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, a kì í tú ìdí ẹni wò. Ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ìdí tí a kì í fẹ́ kó yọrí, ẹrú lorúkọ rẹ̀. Ogun ti kó ènìyàn lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, ó ti kó ènìyàn bọ̀, ẹni tó bá sì ń bi ọmọlàkejì rẹ̀ pé níbo ni ìyá rẹ ti wá lè gbọ́ ohun tí kò ní lè gbé mì. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń jẹ nínú ìkòkò ilé, ọmọ ilé ni. Ìwà ọmọlúwàbí ni, ó sì ti pa àṣírí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n a kì í sábà ro ti ẹni tí wọ́n pa á mọ́ fún, bóyá òun náà ìbá fẹ́ kí ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ìlú mọ̀ nípa Eunice kò pọ̀. Ọmọ Bàbá Olùkọ́ ni. Orin ìsìn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Ó fẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, ó bí Olúmidé, ó bí Yétúndé, ó sì sin ọkọ rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Èdè Èrìjìyàn ponbele ló ń sọ, débi pé àwọn ará Àrámọkọ a máa sín in jẹ nígbà tó bá lọ ná ọjà wọn. Nígbà tí Yétúndé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó kó padà sílé láti wá tọ́jú rẹ̀. Olúmidé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Adó, kọ́ ilé tirẹ̀ sí òkè ọ̀nà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ wá kí wọn láràárọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màmá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ sì lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Yétúndé gbàdúrà kí ohùn náà padà, ó sì padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló bá a wá.

"Iye" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ń pe ìyá ní Èrìjìyàn, inú Yétúndé sì dùn, ó rò pé ìyá òun ti bọ̀ sípò. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò yé e. Kì í ṣe èdè Èrìjìyàn, kì í ṣe ti Ìjerò tàbí ti Ẹ̀fọ̀n, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń já geere lẹ́nu rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí ẹnìkan. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, á wò wọ́n pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀, á pa ètè dé pinpin. Kò jẹ lọ́wọ́ Yétúndé, kò jẹ lọ́wọ́ Olúmidé, kò jẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé. Nọ́ọ̀sì tó ń fa omi sí i lára sọ òótọ́ fún wọn: omi kì í ṣe oúnjẹ, bí Màmá ò bá jẹun, kò ní pẹ́ lọ.

Dorcas, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Àdúrà, kó àwọn aládùúrà rẹ̀ wá. Wọ́n yí ibùsùn ká, wọ́n tẹ́tí, ojú Dorcas sì tàn.

"Ẹ yin Olúwa," ló wí. "Èdè Ẹ̀mí rèé. Màmá ti kúrò ní ipò tiwa. Ààwẹ̀ ló sì ń gbà, ẹ má dà á láàmú."

Dorcas kì í ṣe onírọ́. Ohun tó gbàgbọ́ ló sọ. Láàárín wa níhìn-ín, bí àgbàlagbà oníwà-bí-Ọlọ́run bá la ẹnu tí ohun tí kò yé ni jáde, ibi méjì péré la mọ̀ tó ti lè wá, ọ̀run tàbí ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn Màmá, wọ́n sì yan ọ̀run fún un. Kò sí ẹni tó ronú kan ibi kẹta, pé ó lè ti ìlú àwọn ẹlòmíràn wá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìta wá gbọ́ èdè ọ̀run. Olúmidé gbé àga sí ìta fún wọn. Màmá ń rù lójú gbogbo wọn, orin ń lọ lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Yétúndé nìkan jókòó tì í. Màmá ń wo ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Ó na ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó ń ká ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Èjì," ló wí. "Ẹ̀ta." "Ẹ̀lẹ̀. Ẹ̀lú. Ẹ̀fà." Ó ń bá a lọ: ẹ̀jọ ń bẹ níbẹ̀ bí tiwa, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ àjèjì, "ẹ̀gwá" tó jọ ẹ̀wá tiwa sì ni ìparí. Nígbà tó dé ẹ̀gwá, ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Yétúndé fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohun tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pàdé àlejò lọ́nà, tó sì rí imú bàbá tirẹ̀ lójú onítọ̀hún. Èdè ènìyàn ni. Ìbátan tiwa ni, ṣùgbọ́n ìbátan tó ti jìnnà. Kí sì ni Ẹ̀mí Mímọ́ ń kà tí kò tíì pé?

Ó rántí ibi tó ti gbọ́ òǹkà náà rí. Mercy ni, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Àrámọkọ. Ó pẹ́ tí Yétúndé ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Bó bá ń ka ẹja sínú ọ̀rá, á máa kà á sábẹ́ ahọ́n, ẹ̀lẹ̀, ẹ̀lú. Yétúndé mọ̀ pé Ígálà ni, láti ẹ̀bá odò Ọya, inú rẹ̀ a sì máa dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò bi í ní nǹkan kan rí. A kì í tú ìdí ẹni wò.

Nígbà tó sọ fún Olúmidé pé òun fẹ́ lọ pè é, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà.

"Yétúndé, gbọ́ mi," ló wí. "Gbogbo ìlú li ó ti mọ̀ pé Ẹ̀mí li ó ń fi ẹnu Màmá sọ̀rọ̀. Bí ọ bá mú ará Ígálà wọ ulé yìí, tí ó jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀, kí li wọ́n ó wí? Wọ́n ó ní ẹrú li ìyá wa. Ọmọ yèsí li a ó wá jẹ́ nígbà náà?"

"Ọmọ Eunice," ni Yétúndé dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń kú lọ. Ó ń bẹ̀ wá ní nǹkan kan láti ọjọ́ yìí, a ń fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń wí. Bó bá di ẹ̀yìn náà, kí aráyé wá wí tiwọn."

Olúmidé yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, ẹ̀rù náà ló pọ̀ jù. Yétúndé jáde, ó gun ọ̀kadà.

Mercy pa ọjà rẹ̀ dé, ó bá a wá. Nígbà tí wọ́n wọlé, Dorcas àti àwọn méjì nínú àwọn aládùúrà wà níbẹ̀, Olúmidé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mercy kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó súnmọ́ ibùsùn. Ó tẹ́tí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan péré.

Màmá yí orí sí i. Láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ti padà, ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn nìyẹn. Ó na ọwọ́ òsì, ó di apá aṣọ Mercy mú, ọ̀rọ̀ sì tú jáde. Àwọn méjèèjì ń sọ ọ́, Mercy ń béèrè, Màmá ń dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ń yára bí ti ọmọ tó ń rojọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Ígálà rí náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ.

"Ígálà ni, mà," ni Mercy wí níkẹyìn. "Ti àtijọ́ ni, bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní etí odò lòun wà, ní Ìdá. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin oníṣòwò kan, ó ní kó jókòó síbẹ̀, òun fẹ́ sọdá lọ sí òdìkejì. Ó ní kó máa ka ọkọ̀ ojú omi tó bá ń kọjá. Kó tó ka mẹ́wàá, òun á ti dé. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí òun á fi padà."

Ó gbé ojú sókè wo Yétúndé.

"Ó ń bi mí bóyá mo rí ìyá òun lọ́nà."

Yétúndé jókòó sílẹ̀, orí ilẹ̀ lásán. Bóyá wọ́n ta ìyá òun ni, bóyá wọ́n jí i gbé ni, bóyá odò ló gbé ìyá àgbà òun lọ, ẹni tó lè sọ ìyẹn ti kú tipẹ́. Ohun tó dá a lójú ni pé ọmọ kan ti ń ka ọkọ̀ láti ìgbà náà. Ó ń kà á nígbà tó ń gúnyán, ó ń kà á nígbà tó ń kọrin, ó sì kà á débi pé nígbà tó bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Yétúndé níwájú gbogbo ìjọ, kò sì sí ẹnìkan tó bi í pé, Eunice, ìyá wo lò ń retí? Ó dun Yétúndé. Ó dùn ún jù pé òun tó mọ ohùn gbogbo ará Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì jókòó ti ìyá òun ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun náà kò béèrè.

Mercy gbìyànjú láti fún Màmá ní ògì. Màmá rẹ́rìn-ín sí i, ó sì pa ètè dé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

"Báwo lẹ ṣe ń pe 'ọmọ mi'?" ni Yétúndé bi Mercy.

"Ọma mi."

"Àti 'mo ti dé'?"

Mercy wò ó, ó yé e, ó sì kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ọma" kò gba ẹ̀kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so gbólóhùn pọ̀ ló le, ohùn wọn ń lọ síbi tí ahọ́n Yétúndé kò ti dé rí. Ó ń sọ ọ́, Mercy ń tún un ṣe. Nígbà tó mọ̀ ọ́n sọ tán, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti na àwọn ọmọ rí nítorí irọ́. Ó yíjú, ó rí Dorcas tó tẹ̀ lé wọn jáde.

"Ìyá Àdúrà, irọ́ ni mo fẹ́ lọ pa fún un."

Dorcas súnmọ́ ọn. Ojú ti í, kò sì fi pamọ́. "Kí li orúkọ rẹ?" ló bi í.

"Yétúndé."

"Òun fúnra rẹ̀ li ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ dá ọmọ náà lóhùn."

Yétúndé wọlé, ó jókòó ti ibùsùn, ní ìhà ilẹ̀kùn. Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń ká ìka. Yétúndé bá a kà á pẹ̀lẹ́, èjì, ẹ̀ta, títí wọ́n fi dé ẹ̀gwá, àwọn méjèèjì jọ pè é. Nígbà tí Màmá yíjú láti wo ilẹ̀kùn, Yétúndé ló rí.

"Ọma mi," ni Yétúndé wí, ó sì sọ ìyókù bí Mercy ṣe kọ́ ọ.

Màmá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú.

Mercy dorí kodò, kò túmọ̀ rẹ̀. Yétúndé náà kò bi í. Kò sí èdè tí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè fi béèrè èyí tí kò ní yé ìyá. Ígálà tó mọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀, ohun tó kù fún un ni èyí tí Eunice fi tọ́ ọ.

"Ọ̀nà jìn, ọmọ mi," ló wí ní èdè Èrìjìyàn. "Ọ̀nà ibẹ̀ jìn púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dé."

Olúmidé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbé abọ́ ògì wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀. Yétúndé bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ kó lè tutù. Màmá wo ọwọ́ náà, ó tún wo ojú ẹni tó ni ín. Ó sì la ẹnu.